Mọ́kọ́lá, Ìdíkàn, Ìdèrè: ibi tí ìwádìí Ìbàdàn ti wá

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Mọ́kọ́lá. Òmíràn ń jẹ́ Dùgbẹ̀. Ṣàngó wà níbẹ̀, Sábó náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Ìbàdàn rí ti gbọ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ṣe nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹ dárúkọ Dùgbẹ̀ fún wọn, eégbọn ni ọkàn wọn máa lọ sí. Ọjà kọ́.

Láàrin ọdún 1964 sí 1969, yàrá ìwádìí tí àjọ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Ìbàdàn jọ gbé kalẹ̀ ń rán àwọn èèyàn káàkiri. Wọ́n ń já eégbọn lára màlúù, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹran níbi tí àwọn alápatà ti ń dúńbú rẹ̀, wọ́n ń dẹ pàkúté de asín. Ní 1964 wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì tuntun kan pàdé lára eégbọn, wọ́n sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ibà Crimean-Congo ni, ìyẹn ibà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára èèyàn, ṣùgbọ́n ìwà tirẹ̀ tutù díẹ̀, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe máa ń lò ó láti fi kọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó burú. Ní 1968, asín tí wọ́n mú ní Ìbàdàn gbé òmíràn wá. Mọ́kọ́lá nìyẹn, ọmọ ìyá dìgbòlugi. Òun kò tutù ní tirẹ̀. Ó pa ọmọdébìnrin kan ní 1971, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tó wà lọ́wọ́ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án títí di òní.

Lọ́dọọdún, bí àwọn tó ń to yunifásítì àgbáyé sí ipò bá ti gbé àtẹ wọn jáde, ojú WhatsApp ẹgbẹ́ tí mo wà kì í rọgbọ. Bí Ìbàdàn bá wà lókè, àwọn ọmọ Ìbàdàn á gbé e kiri bí ẹni gbé ìyàwó. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ á ní èrú ni. Àwọn ọmọ Èkó á fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀sín. Iye àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń kà, àti iye ìgbà tí ẹlòmíràn tọ́ka sí i. Èmi náà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, bí wọ́n bá gbé wa sókè inú mi ń dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ yẹn kì í sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá. Mo ti ń ka iṣẹ́ àwọn oníṣègùn Ìbàdàn tipẹ́, nítorí ètò ìlera tí mo ń ṣe lórí rédíò, ohun tí mo sì rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn tó yí ìrònú ayé padà kò bẹ̀rẹ̀ láàrin ògiri UCH, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì náà. Àdúgbò kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ìlú kékeré kan, níbi tí ẹnìkan ti ṣílẹ̀kùn, tó ní kí àlejò jókòó, tó wá na apá fún abẹ́rẹ́ tàbí kó dáhùn ìbéèrè tí kò yé e. Orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé èsì ìwádìí wọn jáde sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gbọ́ ohun tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ òun rí.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn: 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì London, ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nídìí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kí UCH tó ṣí ní Orita Mẹ́fà lóṣù kọkànlá ọdún 1957. Ní 1962, Ìbàdàn gba òmìnira lọ́wọ́ London. Ó tán.

Kété lẹ́yìn náà ni Lámbò dé. Thomas Adéoyè Lámbò ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954: aláìsàn ọpọlọ ń gbé nílé àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan ń bá a gbé, ó ń wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ó ń padà sílé lálẹ́. Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ní 1968 ó di gíwá yunifásítì, lẹ́yìn náà Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á lọ, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Nígbà tí àjọ náà fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia rí bákan náà níbi gbogbo láyé, ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n yàn: Aarhus, Agra, Cali, Ìbàdàn, London, Moscow, Prague, Taipei àti Washington. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè wọn sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra ti gbádùn ju àwọn ti London àti Washington lọ.

Ìdí rẹ̀? Ẹjọ́ yẹn kò tíì parí. Àwa èèyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ pé nítorí ẹbí ni, nítorí pé a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ ohun tí ojú wèrè ń rí lábẹ́ bíríjì Mọ́kọ́lá, ẹnu mi kì í tètè gba irú àlàyé tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí. Wọ́n bí i ní 1935. Iṣan ara àti ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn aláìsàn kan ń wá bá a tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí iná, tí ẹsẹ̀ wọn kò dúró dáadáa mọ́ nílẹ̀, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Ó kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ wọn ti agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ wá. Dípò kó jókòó sí UCH kó máa dúró dè wọ́n, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó lọ sí Ọ̀sọ́sà. Ó wo inú ìkòkò wọn. Gàrí, láfún, púrúpúrú: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, ẹran àti ẹja kò sì tó nǹkan. Sáyánáídì wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò bá rẹ dáadáa, ara sì nílò èròjà inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà láti fi sọ ọ́ di ohun tí kò léwu. Ní 1968 iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn náà jáde nínú jọ́nà Brain, láti ìgbà náà kò sí ẹni tí yóò kọ̀wé lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣan ara tí kò ní dárúkọ rẹ̀.

Apá kejì ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ní bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Ọ̀sọ́sà, wọ́n bá àrùn náà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Nígbà tó yá, wọ́n tún yẹ àwùjọ mìíràn wò tí sáyánáídì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, àrùn náà kò sì pọ̀ láàrin wọn. Ìyẹn mú kí wọ́n máa ro pé bóyá sáyánáídì nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí ìmọ̀ máa rìn nìyẹn: kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà padà sí ìlú kan náà kó sì bá ọ̀gá jiyàn. Kò sí àtẹ tó ń fún ni ní máàkì lórí rẹ̀.

Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà ló wà nídìí ti Ìdíkàn.

Ẹni tí kò mọ Ìdíkàn kó lọ béèrè. Àárín ìgboro ni, agbo ilé lórí agbo ilé, páànù tó ti pọ́n, ojú ọ̀nà tí mọ́tò kò lè gbà. Láti 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó gba ọ̀pọ̀ ọdún: Hugh Hendrie lọ́hùn-ún, Ọ̀ṣúntókun níhìn-ín, lẹ́yìn náà Adésọlá Ògúnníyì, Òyè Gúrèjé àti àwọn mìíràn. Wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, ṣe pọ̀ tó láàrin àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó wà ní Indianapolis. Ojúlé sí ojúlé ni.

Ìyá Àgbà wa, ìyá tó bí màmá mi, wà lára àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wá, ó kúnlẹ̀, ó kí i títí kí ó tó yọ ìwé. Ó na bíírò sókè.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí là ń pe èyí?"

Ìyá Àgbà wo bíírò, ó wo ọmọ náà, ó wò mí. "Ṣé ọmọ yìí ò mọ gègé ni?"

Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ tàánútàánú, bí ẹni ń kọ́ ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Orúkọ ìlú, ibi tí ọjà wà, ohun tí à ń fi òòlù ṣe, kí ó nawọ́ sí fèrèsé, kí ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sọ ìtàn kékeré kan fún un, kó lè gbọ́, kó sì sọ ọ́ padà: àwọn ọmọ mẹ́ta dá wà nílé, ilé gbiná, akíkanjú ọkùnrin kan gba ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kó wọn jáde. Ìyá Àgbà kò sọ ọ́ padà. Ó ní, "Ìyá wọn ńkọ́? Ibo ni ìyá wọn lọ, tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú iná?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ́ padà láìfi ohunkóhun sílẹ̀, ó sì fi èébú ìyá àwọn ọmọ náà kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé orí ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ìdánwò òyìnbó lórí ìgbàgbé kún fún ohun tó jẹ́ pé ẹni tó lọ sílé ìwé ló mọ̀ ọ́n: kíkà, ìṣirò, ọjọ́ oṣù, yíya àwòrán. Bí ẹ bá gbé e fún ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta ẹ̀kọ, á gba òdo, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn. Nítorí náà wọ́n mú ìdánwò kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Cree ní Kánádà, wọ́n tún un ṣe fún Yorùbá. Wọ́n tún fi ìbéèrè kan sí i fún ẹbí: ṣé Màmá ṣì ń rántí ibi tí wọ́n fi nǹkan sí, ṣé wọ́n ṣì ń dá aṣọ wọ̀, ṣé wọn kì í ṣìnà nínú àdúgbò. Àǹtí mi ni wọ́n bi, nínú yàrá kejì, kí Ìyá Àgbà má bàa gbọ́. Ìdánwò tó gba Ìdíkàn kọjá yìí ni àwọn olùwádìí ti ń lò láti ìgbà náà ní Íńdíà, ní Ṣáínà, ní Kúbà àti káàkiri Látìn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àgbàlagbà kò ti ka ìwé púpọ̀.

Èsì rẹ̀ jáde nínú JAMA, jọ́nà àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, ní 2001. Wọ́n ti tọ àwọn àgbàlagbà 2,459 lẹ́yìn níhìn-ín, àti 2,147 ní Indianapolis, gbogbo wọn láìní àrùn náà níbẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní Ìbàdàn, 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún. Ní Indianapolis, 2.52. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, láàrin àwọn tí baba ńlá wọn ṣeé ṣe kó jẹ́ ará ibì kan náà. Èyí tó tún ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni ti APOE, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara èèyàn. Níbòmíràn, ẹni tó bá ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ε4, ewu Alzheimer pọ̀ fún un. Ní 1995 Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà. Nígbà tí èèyàn tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn pọ̀ sí i, ó hàn pé ẹni tó bá gba ε4 lọ́wọ́ bàbá àti ìyá nìkan ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀ṣúntókun kò rí ìyẹn. Ọdún 1995 náà ló kú.

Ìyá Àgbà ti lọ kí 2001 tó dé. Àǹtí mi ni mo ka èsì náà fún ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ni wọ́n wá ní ká máa jẹ?" Kò sí ìdáhùn sí ìyẹn nínú àpilẹ̀kọ náà. Ṣé nítorí oúnjẹ ni, àbí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àbí nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò tiẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín? Wọ́n ṣì ń fà á.

Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn mìíràn ti rìn ju ti Ìdíkàn lọ. Bí ẹ bá ṣí ìwé èyíkéyìí lórí jíìnì èèyàn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ óò bá lẹ́tà mẹ́ta yìí pàdé: YRI. Yorùbá ní Ìbàdàn nìyẹn. Ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap láti ya àwòrán ibi tí jíìnì èèyàn ti yàtọ̀ síra. Èèyàn 270 ni wọ́n fi ṣe é: 90 láti Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Beijing, 45 láti Tokyo, àti 90 láti Ìbàdàn. Ọgbọ̀n ìdílé ni àwọn ti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Charles Rótìmí tó wà ní Howard University nígbà náà àti Clement Adébámọ̀wọ́ ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe kòkárí rẹ̀. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n jọ sọ ọ́. Lára òfin tó bá iṣẹ́ náà rìn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lo ẹ̀jẹ̀ náà máa pè é ní Yorùbá ní Ìbàdàn, kó má sọ pé "àwọn ará Áfíríkà" lásán, nítorí pé ìlú kan kò lè dúró fún ilẹ̀ gbogbo. Òfin rere ni. Bí àwọn kan ṣe ń pa á tì ń bí mi nínú.

Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ẹ̀jẹ̀ náà wà, ní Coriell Institute. Wọn kì í kú fúnra wọn. Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ni wọ́n fi mú kí wọ́n máa pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú jẹjẹrẹ àgbọ̀n tó ń pa àwọn ọmọ Áfíríkà. Ilé ìwádìí tó bá fẹ́ á sanwó, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ń da oògùn jẹjẹrẹ lé wọn lórí láti wo èyí tí yóò kú àti èyí tí yóò yè. Ní 2008, nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì ọkùnrin Áfíríkà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí wọ́n sì gbé e sínú jọ́nà Nature, ọ̀kan lára àwọn 90 náà ni. NA18507 ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, ìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe sì ni: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ju iye tí wọ́n lò lọ, kí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gan-an má bàa mọ̀ bóyá tòun wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà máa ra ìwé ìròyìn ní Bẹẹrẹ lónìí.

Mo gbà pé ààbò ni àìdárúkọ yẹn jẹ́. Mi ò sì lè sọ pé kò dùn mí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ ló ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń ka ipa tí Ìbàdàn ní lórí ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé, tí àwọn 90 yìí kò sí nínú ìṣirò náà, a jẹ́ pé ìṣirò náà kò pé.

Ibi tí èsì ti padà sílé ni Ìdèrè. Ìdèrè wà ní Ìbàràpá, kò jìnnà sí Ìgbó-Ọrà níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ìbàdàn ti ń lọ gbé láti 1963 kí wọ́n lè mọ bí aláìsàn ṣe ń gbé kó tó di aláìsàn. (Ìbejì tí gbogbo ayé mọ Ìgbó-Ọrà fún, iṣẹ́ àwọn ará Ìbàdàn náà ló wà nídìí rẹ̀. Dókítà Patrick Nylander ló ka àwọn ìbejì náà.) Ìdèrè ní ìyà tirẹ̀: sòbìà. Àwọn àgbà yóò rántí. Omi adágún ni èèyàn mu, kòkòrò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó gbé ọmọ sòbìà pọ̀n, bí ọdún kan lẹ́yìn náà aràn funfun gígùn á lu ẹsẹ̀ jáde. Ẹ kò gbọdọ̀ fà á já. Wọ́n á máa wé e mọ́ igi tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà iṣẹ́ oko ló sì fẹ́ràn láti jáde, àgbẹ̀ á wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí oko ń kún fún igbó.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìlera, Joshua Adéníyì àti William Brieger, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kò kàn lọ síbẹ̀ láti wí fún wọn pé omi wọn kò dára. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú gbà gbọ́, pé inú ara gbogbo èèyàn ni sòbìà wà, bí iṣan ṣe wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ni omi ní ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé aṣọ náílọ́ọ̀nù olójú wẹ́wẹ́ wá, àwọn aránṣọ ìlú rán an di asẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ìlú yàn láàrin ara wọn ń tà á fún aládùúgbò wọn. Aránṣọ rí owó, omi mọ́, àwọn olùwádìí sì rí ohun tí wọ́n kọ sínú jọ́nà: irú asẹ́ tí èèyàn máa rà, iye tí wọ́n lè san, ẹni tí kò ní rà àti ìdí rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 èèyàn tí sòbìà mú ní Nàìjíríà. Ẹni ìkẹyìn tó ní in jẹ́ ti 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa níwèé ẹ̀rí ní 2013. Ìbàdàn nìkan kọ́ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, àti kànga pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Ìbàdàn lè fi yangàn, asẹ́ Ìdèrè ni màá mú, màá fi JAMA àti Nature sílẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ìṣègùn ní yunifásítì kan máa ń ṣàlàyé fún mi. Kó tó rí ìgbéga, wọ́n á ka àpilẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n á wo iye tó jáde nílẹ̀ òkèèrè. Jọ́nà òkèèrè ń gba owó dọ́là, owó náà sì lè ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Ìbàdàn ní jọ́nà tirẹ̀, African Journal of Medicine and Medical Sciences, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga kan máa ń wò ó bí ọmọ ìyàwó tí a kò fẹ́. Bó bá sọ èsì rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò ní Yorùbá, kò sí máàkì kankan fún un níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò ṣe é síbẹ̀síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ọjọ́ kẹjọ sínú ọ̀sẹ̀."

Àwọn tó lọ ńkọ́? Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn ní 1980, Chicago ló ti di ẹni tí ayé mọ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2005. Kò gbàgbé ilé. Ìwádìí tí òun àti àwọn ará Ìbàdàn gbé jáde ní 2018 yẹ obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 14.7 ló jogún àbùkù jíìnì tó fà á. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ẹnìkan nínú méje. Bí ìyá ẹnìkan bá ní in, ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mọ̀. Àyẹ̀wò náà ṣọ̀wọ́n níhìn-ín, ó sì wọ́n gógó.

Èyí tí mo kà lórí afẹ́fẹ́ láìpẹ́ yìí ni ti rọpárọsẹ̀. Mayọ̀wá Ọ̀wọ́lábí ti Ìbàdàn ló ṣáájú rẹ̀, ní Nàìjíríà àti Gánà, ó jáde ní 2018. Wọ́n fi èèyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ lẹ́yìn tí ó ti jinná. Àti àìjẹ ẹ̀fọ́. Mo kà á ní Yorùbá, mo ní kí wọ́n máa pè.

Fóònù kò sinmi. Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ilé tiwa kì í gbé iyọ̀ sórí tábìlì, kò tiẹ̀ sí tábìlì. Magí ni ìyá àwọn ọmọ ń rọ́ sínú ọbẹ̀. Ṣé ìyẹn wà níbẹ̀?" Bí mo ṣe ka iṣẹ́ náà, iyọ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù sí oúnjẹ nìkan ni wọ́n béèrè, mo sì wí bẹ́ẹ̀ fún un. Obìnrin kan pè láti Ọ̀jọ́ọ̀. Ó ní òun ń ta ẹ̀fọ́, inú òun dùn sí ohun tí mo kà, àmọ́ ẹ̀fọ́ wo ni wọ́n ń sọ? Tẹ̀tẹ̀ àbí ewédú? Àti pé àwa tí à ń bọ ṣọkọ tí à ń fún omi rẹ̀ dànù kó tó wọ ọbẹ̀, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n wá rí nínú ẹ̀fọ́ náà là ń dà sí gọ́tà?

Mo kọ ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní ti ẹ̀fọ́ bíbọ̀ yẹn, òun ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wá ohun tí yóò ṣèwádìí lé lórí. Mo fi nọ́ńbà obìnrin Ọ̀jọ́ọ̀ náà ránṣẹ́ sí i, lẹ́yìn tí mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa bọ̀ láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀ sí ọjà, kó sì múra láti ra nǹkan.